Ìgò Kékeré Tó Ń Lọ sí Ìkìrun

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn pé ta ni ọmọ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ jù ní gbogbo Mafoluku, n bá ti na ọwọ́ sókè kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ń fi oògùn ojú ránṣẹ́ sí Màámi ní Ìkìrun. Mi ò jẹ́ kí oṣù kan yẹ̀. Tí ọjọ́ bá ti pé, màá lọ sí Bọ́ládé, màá ra ìgò kékeré tí ìdérí rẹ̀ pupa lọ́wọ́ Hàkímù tó ni kẹ́míìsì níbẹ̀, màá wé e sínú ọ̀rá, màá gbé e fún awakọ̀ tó ń lọ sí Ìkìrun ní gáréèjì Òṣòdì, màá sì pe Màámi lórí fóònù pé oògùn ti ń bọ̀ lọ́nà. Wọ́n á wúre fún mi títí. Èmi náà á máa ṣe àmín, màá sì padà sídìí máṣíìnì mi pẹ̀lú ayọ̀.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Bánkẹ́ ni mò ń jẹ́. Kọ́tìnì ni mò ń rán ní Aswani, ẹnu mi sì mú ju àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé aṣọ lọ. Èmi ni mo máa ń sọ fún àwọn obìnrin tí a jọ ń rán kọ́tìnì pé kí wọ́n rántí ìyá tó bí wọn, kí wọ́n má ṣe bí ẹni tó já bọ́ láti ojú ọ̀run. Mo fi oògùn ojú yẹn yangàn débi pé lọ́jọ́ iléyá kan, níwájú gbogbo ẹbí, mo fi bú Bùọ̀dá Gàfárù, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo. Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọkùnrin, kí lẹ̀yin ń fi ránṣẹ́?" Bùọ̀dá ò fèsì. Fèrèsé àlùmíníọ́mù ni wọ́n ń ṣe ní Ìsọlọ̀, wọn kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ oògùn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí mo bí àbígbẹ̀yìn mi, Màámi wá sí Èkó láti bá mi wẹ ọmọ. Ojú òsì wọn ti fọ́ láti kékeré, láti ìgbà tí ìgbóná ti ṣe wọ́n. Ọ̀tún nìkan ni wọ́n ń lò, òun náà ni wọ́n fi ń dirun fún gbogbo obìnrin àdúgbò wa ní Ìkìrun, tí ìlà irun wọn máa ń tọ́ bí okùn tí wọ́n nà. Wọn ò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ mi tí ojú ọ̀tún náà fi pọ́n, ó ń ro wọ́n, ó ń ṣomi. Gbogbo ayálégbé ní Apòló ni. Mo sáré lọ bá Hàkímù, ó fún mi ní ìgò yẹn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ojú ti mọ́, kò ro wọ́n mọ́. Màámi ní oògùn náà tutù bí omi àmù.

Wọ́n gbé èyí tó kù padà sí Ìkìrun. Nígbà tí ojú tún pọ́n, mo fi òmíràn ránṣẹ́. Pípọ́n náà lọ, ó tún padà wá. Nígbà tó yá, mi ò dúró kí ó pọ́n mọ́ kí n tó rà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú Màámi ń ṣe bàìbàì sí i lọ́dọọdún. A ní ọjọ́ ogbó ni. Wọn ò dá ẹni tó wọlé mọ̀ mọ́ àfi tó bá sọ̀rọ̀, ọwọ́ lásán ni wọ́n sì fi ń dirun. Nígbà tí wọ́n jìn sínú kòtò tí àwọn kan gbẹ́ síwájú ilé lọ́dún yìí, Bùọ̀dá lọ gbé wọn wá sí Èkó, wọ́n sì ń gbé lọ́dọ̀ mi.

Ẹ tún gbọ́ o: mi ò dá oògùn dúró. Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé ni mo ti ra ìgò tuntun. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kán an sí wọn lójú. Wọ́n ní, "Gbé e síbẹ̀. Ọwọ́ mi mọ ojú mi." Mo gbé e síbẹ̀.

Ilé ìwòsàn ojú kan ní Ìsọlọ̀ la gbé wọn lọ. A tètè dé, ṣùgbọ́n èrò ti kún. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ, nọ́ọ̀sì kan jáde wá kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láàárọ̀. Ó gbé nǹkan kékeré kan sókè, ó bi wá pé ta ló mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ pọ̀ lókè. Wọ́n ní oògùn Apòló ni.

Nọ́ọ̀sì ní, "Oògùn gidi ni. Àwa náà ń lò ó níbí. Ṣùgbọ́n dókítà ló gbọ́dọ̀ ní kí ẹ lò ó, dókítà náà ló sì máa sọ ọjọ́ tí ẹ máa dá a dúró. Tí ẹ bá kàn rà á, ó máa jẹ́ kí ojú mọ́, ẹ máa rò pé ó ti san. Àrùn á wà lábẹ́, á máa jẹ ojú lọ. Tí ẹ bá sì lò ó pẹ́, ó lè dá kàtáráàtì sílẹ̀. Mélòó mélòó nínú àwọn tí a ń rí níbí ni oògùn yìí ti sọ di afọ́jú, ọmọ wọn ló sì ń rà á fún wọn."

Ìdérí ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pupa.

Mo mọ ìgò yẹn bí mo ṣe mọ ọwọ́ ara mi. Màámi jókòó tì mí, wọ́n ń mi orí sí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì bíi gbogbo èèyàn, wọn ò sì lè rí ohun tó gbé sókè. Mo ń gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ àwọ̀ ìdérí náà. Irú àdúrà tí mo gbà nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà nìyẹn, mi ò tilẹ̀ rántí gbàdúrà pé kí ojú Màámi là.

Dókítà Inúmidùn ló wo Màámi, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í kánjú. Ó tan iná sí ojú náà láti iwájú, ó tún tàn án láti ẹ̀gbẹ́. Ó wá yíjú sí èmi àti Bùọ̀dá.

Ó ní, "Nǹkan méjì ló wà nínú ojú kan ṣoṣo yìí. Awọ tó mọ́ gaara tó bo iwájú ẹyinjú ti ní àpá, ní àárín gbùngbùn. Lẹ́yìn àpá náà, kàtáráàtì tún wà. Ẹ wò ó bíi fèrèsé tí dígí rẹ̀ ti dọ̀tí, tí wọ́n tún wá ta kọ́tìnì sẹ́yìn rẹ̀."

Èmi àti Bùọ̀dá wo ara wa. Dókítà ò mọ iṣẹ́ tí a ń ṣe.

Bùọ̀dá ní, "Tí ẹ bá ká kọ́tìnì kúrò ńkọ́?"

"Dígí á ṣì dí wọn lójú. Ohun tó dáa jù ni ká pààrọ̀ dígí, ṣùgbọ́n ara ojú ẹni tó ti kú la ti ń rí i, àwọn tó ń yọ̀ǹda rẹ̀ ò sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n lè dúró dè é títí. Tó bá dé náà, ara lè kọ̀ ọ́." Ó tún tan iná sí ojú Màámi. "Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan wà tí àpá ò dé, níhà imú. Mo lè yọ kàtáráàtì, kí n fi lẹ́ńsì rọ́pò rẹ̀, kí n wá gé ihò kékeré sára dúdú ẹyinjú, lọ́kàn-án-kán ibi tó mọ́ yẹn, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ibẹ̀ wọlé."

Bùọ̀dá ní, "Ògiri tí kò bá ṣeé wó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la ti ń la fèrèsé."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n wọn ò ní ríran bíi tàtijọ́. Bí adìẹ ṣe ń wo nǹkan ni wọ́n á máa wò. Wọ́n á kọ́kọ́ yíjú kúrò lára nǹkan kí wọ́n tó lè rí i dáadáa."

Màámi ní adìẹ tó ń rí àgbàdo sàn ju èèyàn tí kò rí nǹkan kan. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi èmi tí mò ń fi eyín ṣe bí ẹni ń rẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ni dókítà gbé bírò rẹ̀. Ó ní, "Màmá, kí ló fa àpá yìí? Mo fẹ́ kí ẹ ronú dáadáa. Kòkòrò àrùn kan wà tó máa ń sùn sínú ojú, á máa jí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àpá rẹ̀ sì máa ń jọ eléyìí. Tó bá jẹ́ òun ni, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún yín ní oògùn oníhóró tó máa tẹ̀ ẹ́ rì, torí oògùn tí a máa kán síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ máa ń jí i. Tó bá jí, ojú tó kù yìí náà lọ nìyẹn. Ṣé ó máa ń pọ́n, kó lọ, kó tún padà? Ṣé oògùn kankan wà tí ẹ ti ń kán sí i?"

Màámi ní, "Rárá o, ọmọ mi. Ewé àgbàdo ló ya mí lójú lóko. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Mi ò kán nǹkan kan sí i."

Mo wò wọ́n. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ kí Màámi purọ́ rí, kódà fún àwọn tó ń gba owó orí. Mo yanu. Mo rí ojú Bùọ̀dá Gàfárù, mo rántí ọjọ́ iléyá yẹn, mo sì pa ẹnu mi dé. Wọ́n máa ń ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Lọ́jọ́ náà, èmi ni mo dákẹ́, tara Màámi ló bá mi dákẹ́. Dókítà kọ ewé àgbàdo sílẹ̀, ó dá Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e fún iṣẹ́ abẹ.

Mi ò dé ilé tí mo fi gba Bọ́ládé lọ. Hàkímù ń to oògùn sórí pẹpẹ.

Mo ní, "Hàkímù, oògùn ojú tí o ń tà fún mi yẹn, ọjọ́ mélòó ló yẹ kéèyàn fi lò ó?"

Ó wò mí. "Bí ọjọ́ méje, Àǹtí Bánkẹ́."

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi rà á lọ́wọ́ rẹ. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Àǹtí, ẹ ò bi mí. Ẹ̀yin lẹ máa ń wọlé tí ẹ máa ní kí n fún yín ní èyí tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa yẹn. Mo rò pé ẹ ń tún un tà fún àwọn èèyàn ní Aswani ni."

Gbogbo èébú tí mo ti to sẹ́nu láti Ìsọlọ̀ ló gbẹ. Mo fi ẹsẹ̀ gbá àga rẹ̀, ó ṣubú, mo jáde. Mo dúró níta díẹ̀, mo padà wọlé, mo gbé àga náà dìde. Kí ni àga ṣe fún mi?

Lọ́jọ́ Àìkú, Màámi pè mí kí n wá jókòó kí wọ́n di irun mi. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń dì í láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Ìlà rẹ̀ kì í tọ́ mọ́, ṣùkú wọn máa ń tẹ̀ sí etí kan, ṣùgbọ́n èmi á gbé e lọ sí Aswani bẹ́ẹ̀, màá sì máa wá ẹni tó máa fi í rẹ́rìn-ín kí n lè bá a jà. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ wọn. Ọwọ́ wọn ń rìn lórí mi, ó ń wá ọ̀nà.

Mo ní, "Màámi, ewé àgbàdo tí ẹ sọ fún dókítà yẹn."

"Ewé àgbàdo ni."

"Ṣùgbọ́n oògùn tí mo…"

Wọ́n fi ìyarun gbá mi lórí, jẹ́jẹ́. "Mo ní ewé àgbàdo ni. Dákẹ́ kí n rí ọ̀nà."

Mo dákẹ́. Inú mi tilẹ̀ dùn pé wọ́n ní kí n dákẹ́, ìtìjú sì mú mi pé inú mi dùn. Mo sọ fún ara mi pé bóyá kì í ṣe kòkòrò tí dókítà ń sọ. Mo ní Ọlọ́run tóbi. Èèyàn máa ń rántí pé Ọlọ́run tóbi nígbà tí kò bá fẹ́ ṣe ohun tó kàn án.

Ọjọ́bọ̀ pé. Wọ́n wọ aṣọ ilé ìwòsàn fún Màámi, wọ́n lẹ bébà kékeré kan sókè ojú ọ̀tún wọn kí ó má bàa sí àṣìṣe. Wọ́n jókòó sórí àga onítáyà, ọwọ́ wọn wà lórí itan, wọ́n ń bi Bùọ̀dá bóyá èmi ti jẹun. Wọ́n fẹ́ gbé ojú kan tó kù fún wọn sílẹ̀ fún ọ̀bẹ, ọ̀rọ̀ oúnjẹ mi ni wọ́n ń sọ. Ohun tó gún mi lọ́kàn nìyẹn. Mo rí Dókítà Inúmidùn tó ń bọ̀ lọ́nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo lọ dúró níwájú rẹ̀.

Mo ní, "Dókítà, kì í ṣe ewé àgbàdo. Èmi ni mo ń ra oògùn fún wọn. Èyí tí ìdérí rẹ̀ pupa yẹn. Ọdún mẹ́fà. Ojú náà máa ń pọ́n, á lọ, á tún padà."

Bùọ̀dá wà lẹ́yìn mi, fáìlì wà lọ́wọ́ wọn.

Dókítà ò pariwo. Ó gba fáìlì lọ́wọ́ Bùọ̀dá, ó fa ìlà sórí ohun tó ti kọ, ó kọ òmíràn. Ó ní, "Ẹ gbé Màmá padà sílé. Wọ́n á lo oògùn oníhóró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ná, wọ́n á sì máa lò ó lọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ lónìí. Tó bá jẹ́ ọ̀la ni, ó ti pẹ́ jù."

Mo ní, "Ṣé èmi ni mo fọ́ ojú wọn?"

Ó ní, "Kòkòrò ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Oògùn yẹn ló fún un láyè kí ó jẹun yó, ó sì jọ pé òun náà ló fa kàtáráàtì. Mi ò ní purọ́ fún yín."

Ní ẹnu géètì, Bùọ̀dá dúró. Wọ́n wá ní, "Lọ́jọ́ iléyá yẹn, o ní kí ni mò ń fi ránṣẹ́." Ó tán síbẹ̀. Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ìyẹn ìbá sàn fún mi.

Inú kẹ̀kẹ́ Màrúwá la jókòó sí, Màámi wà láàárín wa. Wọ́n ní kí ló dé tí wọn ò ṣe iṣẹ́ abẹ mọ́. Mo ní kí n sọ ọ́. Bùọ̀dá ló sọ ọ́. "Oògùn tí Bánkẹ́ ń fi ránṣẹ́ ló ba ojú yín jẹ́, Màámi. Ó ti jẹ́wọ́."

A kọjá Aswani. Màámi wá ní, "Mo ti gbọ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni mo tíì rí tó gùn jù láyé mi. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni mò ń gbé oògùn oníhóró fún wọn, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ òjò, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú tó ń kọjá lórí ilé, gbogbo rẹ̀ ni à ń sọ, àfi ọ̀rọ̀ yẹn. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ dé, wọn ò pè mí pé kí n wá dirun. Ti ìkejì náà lọ bẹ́ẹ̀. Irun mi tú, mo wé gèlè lé e. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n kí ni èèyàn máa kà lójú tó funfun báun? Ọwọ́ Màámi nìkan ni mo lè kà, ọwọ́ náà ò sì wá orí mi mọ́. Mo sunkún nílé ìwẹ̀, mo tan ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kí àwọn ayálégbé má bàa gbọ́.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ó gbà wọ́n ní àkókò díẹ̀ ju bí wọ́n ṣe sọ lọ, torí dókítà ní àpá náà kò jẹ́ kí òun rí inú dáadáa, àfi ìgbà tí òun fi aró kun kàtáráàtì náà kí òun tó yọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wa pé sí yàrá láti wo bí wọ́n ṣe máa ṣí i. Bùọ̀dá dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Èmi dúró sí iwájú Màámi gan-an. Mo ti rò ó pé bó bá jẹ́ ìbínú ni wọ́n máa fi rí mi, kí n dúró kí n gbà á.

Nọ́ọ̀sì ṣí báńdéèjì. Ó fi òwú nu ojú náà. Màámi ṣẹ́jú, wọ́n tún ṣẹ́jú. Omi jáde lójú náà. Wọ́n kọjú sí mi, mo rí i pé ojú náà kọjá lára mi bí ẹni tí kò rí nǹkan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú kúrò lára mi, pátápátá, sí ìhà ògiri.

Mo kúnlẹ̀ sí ilẹ̀ yàrá náà. Mo ní, "Màámi, ẹ foríjì mí. Mi ò mọ̀ ni. Ẹ má yíjú kúrò lára mi." Mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo sọ. Ẹkún ni mò ń sun.

Màámi ò yíjú padà. Wọ́n ní, "Gbé orí rẹ sókè. Má mira. Ìgbà tí mo bá yíjú kúrò ni mo ń rí ọ."

Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ adìẹ. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ìdérí pupa nìkan ni mo gbé lọ sílé.

Wọ́n ń wò mí bẹ́ẹ̀, àgbọ̀n wọn wà lókè èjìká ọ̀tún, ojú tí wọ́n là ní fèrèsé ń wá mi láti ẹ̀gbẹ́. Gèlè mi ti já bọ́. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi kan orí mi.

"Bánkẹ́. Ewú ló wà lórí rẹ báyìí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Mò ń dì í lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọwọ́ mi ò sọ fún mi." Wọ́n wá ní, "Kí ló dé tí o ò gbé e wá fún mi kí n dì í láti ọjọ́ yìí? Mo jókòó dè ọ́. Mo rò pé o ò fẹ́ kí ọwọ́ mi kàn ọ́ mọ́."

Bùọ̀dá yí ojú sí fèrèsé, wọ́n ń wo ìta bí ẹni tó fẹ́ díwọ̀n rẹ̀.

Màámi ní kí Bùọ̀dá gbé báàgì wọn wá, Gánà-mọ́sìgó tí wọ́n gbé wá láti Ìkìrun. Wọ́n ní kí ó wo abẹ́ àwọn ìró. Bùọ̀dá fa ọ̀rá dúdú kan jáde, ó tú u sórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ìgò kékeré ni, gbogbo wọn ní ìdérí pupa, wọ́n ń yí kiri lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Mo mú ọ̀kan. Wọn ò tíì já a. Mo mú òmíràn, òun náà ò tíì já. Èyí tí mo rà ní ọjọ́ kejì tí wọ́n dé Èkó náà wà níbẹ̀, bébà Hàkímù ṣì wà lára rẹ̀.

Màámi ní, "Ọdún kejì rèé tí nọ́ọ̀sì kan ti wá sí àdúgbò wa, tó ní kí n má kán an mọ́. Láti ìgbà náà ni mi ò ti kán an."

Bùọ̀dá ní, "Kí wá ló dé tí ẹ purọ́ fún dókítà?"

"Níwájú rẹ? Ìwọ tí o ti ń wá ohun tí o máa fi dá a lóhùn láti ọjọ́ iléyá?" Wọ́n mí kanlẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé irọ́ kékeré yẹn lè jẹ ojú tó kù."

Mo kó àwọn ìgò náà jọ sí àyà mi. Mo ní, "Màámi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ lóṣooṣù pé ó ti tán. Ẹ̀yin lẹ máa ń ní kí n fi òmíràn ránṣẹ́."

Wọ́n tún yíjú kúrò lára mi, kí wọ́n lè rí mi dáadáa.

Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí oògùn bá ń bọ̀ nìkan lo máa ń pè mí."